Ọ̀rọ̀ Ṣáájú, Ìbò Kẹ́yìn

Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Science. Wọ́n lọ sí ìkànnì kan táwọn èèyàn ti ń jíròrò lórí ìròyìn, níbi tí oníkálukú ti lè fi ìbò rere tàbí ìbò búburú sára ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá sọ. Fún oṣù márùn-ún, bí ọ̀rọ̀ tuntun bá ti ń wọlé, ẹ̀rọ á ṣa àwọn kan láìwo ohun tó wà nínú wọn. Á fún àwọn kan ní ìbò rere kan, á fún àwọn mìíràn ní ìbò búburú kan, kò sì ní fọwọ́ kan àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ 101,281 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ẹni tó kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ tó ti ní ìbò rere kan pàdé máa ń fi tiẹ̀ kún un ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàtọ̀ náà sì tó ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ fi máa parí, àmì tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó jọ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ìbò kan péré, tí ẹ̀rọ dì láìka ohunkóhun, ló ti ogunlọ́gọ̀ èèyàn síbi tí wọn ì bá má dé. Ti ìbò búburú kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń rí i pé wọ́n rẹ́ ọ̀rọ̀ náà jẹ, wọ́n á sì fi ìbò rere tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní ká kórìíra nǹkan, a máa ń bèèrè ìdí. Bí wọ́n bá ní ká yìn ín, a kàn ń pàtẹ́wọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú ìpàdé tí à ń ṣe lónìí, orí ayélujára là ń ṣe é. Ibẹ̀ lẹgbẹ́ ti ń pinnu owó ìdá, ibẹ̀ la ti ń yan olórí, ibẹ̀ la ti ń sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́ àti ohun tó jẹ́ irọ́. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní ibi ìdìbò nínú wọn: ọwọ́ tó nà sókè, ọkàn pupa, iye tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fi ìbò ṣáájú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣáájú, ìbò fúnra rẹ̀ kì í le mọ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀ràn la fẹ́ yanjú, ká tú ìdí rẹ̀ palẹ̀ ní gbangba kí gbogbo èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ pé èèyàn la fẹ́ yàn tàbí ká dá lẹ́jọ́, ká bo ìbò náà mọ́lẹ̀, ká sì kà á lójú gbogbo ayé.

Ojú tó ń wo olùdìbò

Ẹgbẹ́ Debian jẹ́ àpẹẹrẹ tó fi ọ̀ràn yìí hàn kedere. Ọdún 1993 ni Ian Murdock dá a sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló para pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n ní òfin ẹgbẹ́, wọ́n sì mọ ìbò í dì. Olùdìbò wọn kì í mú ẹyọ kan ṣoṣo. Yóò to gbogbo àbá tó wà nílẹ̀, láti orí èyí tó wù ú jù dé orí èyí tí kò fẹ́ rí sójú. Wọ́n á wá mú àwọn àbá náà ní méjì-méjì, wọ́n á fi wọ́n wéra, èyí tó bá borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wọlé. Bó bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ yàn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tí lágbájá dìbò fún. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2022, bó bá jẹ́ àbá lórí ọ̀ràn ẹgbẹ́, wọ́n máa ń gbé orúkọ olùdìbò àti ohun tó yàn síta lẹ́yìn ìdìbò.

Ọdún 2021 ni wàhálà dé. Richard Stallman, ẹni tó dá Free Software Foundation, àjọ tó ń jà fún òmìnira àwọn tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, tó sì ti kúrò nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní 2019, tún padà sínú ìgbìmọ̀ náà. Àwọn kan ní kí Debian bu ẹnu àtẹ́ lù ú, àwọn kan ní kí wọ́n gbè é lẹ́yìn, àwọn mìíràn ní kí ẹgbẹ́ má dá sí i rárá. Òfin sọ pé àbá ni wọ́n ń dìbò lé, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn mọ̀ pé ènìyàn ni. Orúkọ olùdìbò yóò sì jáde. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ ọ́ pé àwọn ń bẹ̀rù ohun tí ojú àwọn á rí, ibi yòówù kí àwọn dìbò sí. Níkẹyìn, àbá pé kí Debian má sọ ohunkóhun ló borí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 2022, ẹgbẹ́ náà dìbò, wọ́n sì yí òfin padà: láti ìgbà náà, wọn kì í tú àṣírí ẹni tó dì í mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àbá lásán ni wọ́n ń dìbò lé.

A ò ní láti lọ jìnnà kí èyí tó yé wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Ibrahim Babangida, wọ́n ṣe ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà láìsí ìwé ìdìbò. Olùdìbò á lọ tò sẹ́yìn ẹgbẹ́ tàbí ẹni tó fẹ́, òṣìṣẹ́ á sì máa ka orí èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrè wà níbẹ̀: kò sí àpótí tí wọ́n lè gbé sá lọ, gbogbo ará àdúgbò ló sì mọ iye tó wà lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ilé onílé, tí onílé rẹ̀ dúró lórí ìlà kejì, ta ni kò mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ á máa sọ fún un? Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń wò lókèèrè ńkọ́? Àna tó bá àna pàdé lórí ìlà ńkọ́?

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, àjọ elétò ìdìbò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu ń darí ti tún un ṣe. Olùdìbò á tẹ̀ka ní ìkọ̀kọ̀, á wá ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí ní gbangba, wọ́n á sì ka ìbò náà níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ìdìbò ààrẹ tí MKO Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ti borí nìyẹn, tí ìjọba ológun wá fagi lé. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gbà pé kò sí èyí tó mọ́ tó o. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé wọ́n mọ apá tó yẹ kí wọ́n bò àti apá tó yẹ kí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ olùdìbò wà ní ìkọ̀kọ̀, kíka ìbò wà lójú ọ̀sán.

Àwọn kan ò gbà pé ó yẹ ká bo ìbò rárá, ọ̀rọ̀ wọn sì yẹ ní gbígbọ́. Ní ọdún 1861, John Stuart Mill, ọ̀kan nínú àwọn onírònú tó lórúkọ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbò kì í ṣe ohun ìní olùdìbò. Ohun tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́ ni nítorí ire gbogbo ìlú. Ẹni tí wọ́n bá sì fi nǹkan sí níkàáwọ́, ó yẹ kí àwọn tó fi í síbẹ̀ lè rí bó ṣe ń lò ó, kí ojú lè máa tì í bó bá fẹ́ ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kò tẹ̀ lé e. Ní 1872 ni wọ́n ṣòfin ìdìbò bòńkẹ́lẹ́, nítorí pé ṣáájú ìgbà náà, olùdìbò ní láti fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó fẹ́ ní gbangba, onílẹ̀ sì lè lé ayálégbé tó bá dìbò síbi tí kò wù ú.

Èmi gbà pé Mill rí ohun gidi kan. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yí ìgbésí ayé ọmọlàkejì rẹ̀ padà lè dúró ní gbangba sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn jẹ́, kì í ṣe ìbò. Ẹni tó bá sọ ìdí rẹ̀ síta ti fún wa ní ohun tá a lè dáhùn. Ẹni tó kàn gbọ́wọ́ sókè ò fún wa ní nǹkan kan ju orúkọ rẹ̀ lọ, orúkọ yẹn náà sì ni ọ̀tá á fi mú un.

Ìbò tí wọn kì í kà

Ibi tí mo ti rí i pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣáájú ìbò jù lọ lórí ayélujára ni Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí Jimmy Wales àti Larry Sanger bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2001. Ti Yorùbá náà wà, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Ṣùgbọ́n ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ló tóbi jù, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n ti ní láti ronú jinlẹ̀ jù lórí bí àwọn tí kò mọra rí ṣe lè jọ ṣèpinnu.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pinnu bóyá kí àyọkà kan wà tàbí kí ó kúrò. Ẹni tó rò pé kò yẹ kí ó wà á ṣí ojú-ewé kan sílẹ̀, á sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wá dá sí i. Oníkálukú á fi ọ̀rọ̀ dúdú kìrìmù bẹ̀rẹ̀, "fi í sílẹ̀" tàbí "pa á rẹ́", á wá sọ ìdí, á sì fi orúkọ àti àkókò sí i. Ó kéré tán, ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, alámòójútó kan tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà á ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, á sì kéde ibi tí ìmọ̀ ṣọ̀kan sí. Kì í ka orí. Ìdí ló ń wọ̀n. Títí di ọdún 2005, orúkọ tí wọ́n ń pe ètò yìí ní ìdìbò nínú. Wọ́n yí i padà nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Ká ní àyọkà kan wà lórí olórin kan. Àwọn méjìlá wá, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé orin rẹ̀ dùn. Àwọn mẹ́ta wá, wọ́n ní àwọn ti wá inú ìwé ìròyìn, àwọn ti wá inú ìwé, kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ àfi òun fúnra rẹ̀ àti àwọn tó ń polówó rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́ta yìí borí, torí pé òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí kò bá ní ẹ̀rí láti ìta kò ní àyè. Orin tó dùn létí àwọn méjìlá kì í ṣe ẹ̀rí.

Èyí tó wú mi lórí jù ni èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà míì ní ìdàkejì. Èèyàn mẹ́jọ á ti kọ "pa á rẹ́", ọ̀rọ̀ á ti fẹ́ tán. Ẹnì kẹsàn-án á wá dé, á gbé ìròyìn méjì láti inú ìwé ìròyìn àti orí kan nínú ìwé sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹ óò rí i tí àwọn kan nínú àwọn mẹ́jọ á padà wá. Wọn kì í nu ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kúrò. Wọ́n á fa ìlà gba àárín rẹ̀, kí gbogbo èèyàn ṣì lè kà á, wọ́n á wá kọ "fi í sílẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Ìlà tín-ín-rín yẹn ni mo kà sí ohun iyì jù lọ nínú gbogbo ètò náà. Ó ń sọ fún ayé pé ẹnì kan gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì, ó yé e, ó sì gbà. Kò sí iye ìbò kankan tó lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn wá. Ìdí sì nìyí tí ìjíròrò fi gbọ́dọ̀ wà ní gbangba: èèyàn ò lè yí ọkàn padà lórí ohun tí kò gbọ́.

Ètò yìí máa ń ṣe àṣìṣe o. Clarice Phelps jẹ́ obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, onímọ̀ kẹ́mísírì tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Oak Ridge lórí ìwádìí tó yọrí sí tennessine, èròjà kẹtàdínlọ́gọ́fà nínú àtẹ àwọn èròjà. Ní 2019, lẹ́yìn ìjíròrò, wọ́n pa àyọkà tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ nítorí pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó lójú wọn. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ èèyàn, àríyànjiyàn sì gba ìgboro. Àwọn èèyàn ò dákẹ́, wọ́n wá ẹ̀rí sí i, ní 2020 àyọkà náà sì padà sí àyè rẹ̀. Ká ní ìbò lásán ni wọ́n kà ní 2019, ọ̀rọ̀ á ti parí síbẹ̀. Ìdí ni wọ́n kọ sílẹ̀, ìdí tó sì wà lákọsílẹ̀, èèyàn lè padà wá bá a jà.

Nígbà tó bá kan ènìyàn

Ibi tí Wikipedia kan náà ti kọsẹ̀ ni yíyan alámòójútó. Olóòtú tó bá fẹ́ di alámòójútó, ẹni tó ní agbára láti pa àyọkà rẹ́ tàbí láti ti oníjàgídíjàgan mọ́ta, máa ń jókòó sí gbangba fún ọjọ́ méje. Olóòtú ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa da ìbéèrè bò ó, wọ́n á sì máa kọ orúkọ sábẹ́ "mo fọwọ́ sí i" tàbí "mi ò fọwọ́ sí i". Bí àwọn tó fọwọ́ sí i bá ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sábà máa ń wọlé. Bó bá wà láàárín 65 sí 75, àwọn kan tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà ló ń gbé e yẹ̀ wò. Gbogbo àṣìṣe tó ti ṣe láti ìgbà tó ti dé ni wọ́n á hú jáde, lójú ẹni gbogbo.

Ní ọdún 2007, àwọn tó gba ọ̀nà yìí di alámòójútó lé ní 400. Ní ọdún 2021, wọn ò pé mẹ́wàá. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn olóòtú fúnra wọn ò yéé sọ ọ́ pé ìyà gbangba náà wà lára ohun tó ń lé èèyàn sá. Ẹni tó yẹ á wò ó, á ní kí lòun ń wá lọ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ takò ó náà á wò ó, á ní bóun bá kọ orúkọ òun síhìn-ín tó bá wọlé, ṣé kò ní fojú òun rí màbo lọ́la?

Fún ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà láàárín àwọn olóòtú, ọdún 2009 ni wọ́n ti kó ìdìbò rẹ̀ sí bòńkẹ́lẹ́. Ti alámòójútó ló pẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n dán ọ̀nà tuntun wò: ọjọ́ mẹ́ta fún ìbéèrè àti ìjíròrò ní gbangba, lẹ́yìn náà ọjọ́ méje fún ìbò tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Àwọn tó jáde lé ní 30, èèyàn 11 ló sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ju gbogbo ti ọdún 2021 lọ. Èyí fi hàn pé àwọn tó fẹ́ sìn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀; ọ̀nà tí wọ́n ní kí wọ́n gbà ni kò bá wọn lára mu.

Ọkàn rere kì í ṣe ojú fífọ́

Gbogbo ètò yìí ò lè dúró bí kò bá sí ohun kan lábẹ́ rẹ̀. Òfin kan wà ní Wikipedia tó ní kí olóòtú kọ́kọ́ gbà pé ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọkàn rere, àfi bí ìwà rẹ̀ bá fi ohun mìíràn hàn. Lórí ayélujára, a ò rí ojú ara wa, a ò gbọ́ ohùn ara wa, a ò mọ ẹni tó jẹ́ àgbà àti ẹni tó jẹ́ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ tó bá rí gbagidi, a máa ń rò pé ìwọ̀sí ni. Bí ẹnì kan bá yọ ìpínrọ̀ tí mo kọ kúrò, tí mo bá bi í pé "Kí ni ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́?", ó lè dáhùn pé ọdún tí mo kọ síbẹ̀ kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ á sì parí. Bí mo bá ní "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí náà ti bẹ̀rẹ̀", ìjà ti dé, ọdún tí kò tọ̀nà ò sì ní àtúnṣe. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó dá ọkàn ẹnì kejì lẹ́jọ́ kí ó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó burú ju àgbà yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ká má fi ọkàn rere pe ojú fífọ́. Àwọn kan wà tó ń lo orúkọ márùn-ún láti dìbò márùn-ún; Wikipedia ní àwọn tó ń tọpasẹ̀ wọn, tó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn kan a máa lọ pe ọ̀rẹ́ wọn láti ibòmíràn kí wọ́n wá da ìjíròrò rú. Òfin kọ̀ ọ́. Lórí Stack Overflow, níbi táwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń dáhùn ìbéèrè ara wọn láti ọdún 2008, ẹni tó bá fi ìbò búburú sára ìdáhùn ẹlòmíràn yóò pàdánù àmì iyì kan tiẹ̀, kí ó lè ronú kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Reddit jẹ́ kí àwọn alámòójútó lè fi iye ìbò pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí èèyàn lè ka ọ̀rọ̀ kí ó tó ka iye. YouTube bo iye àwọn tí kò fẹ́ràn fídíò mọ́lẹ̀ ní 2021, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn kan ń kóra jọ láti fi í ṣe ẹni ẹlẹ́ni. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ti rí ohun kan náà: iye tó hàn síta lágbára ju ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn tó kọ ìbò sílẹ̀ pátápátá

Àwọn tó ń ṣe òfin bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń bá èkejì sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló lọ jìnnà jù. IETF ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, 1986 ló bẹ̀rẹ̀. Kò ní ìwé ọmọ ẹgbẹ́; ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wọlé. Nígbà tí kò sì sí ìwé ọmọ ẹgbẹ́, ta ni wọ́n fẹ́ ní kó dìbò? Ilé-iṣẹ́ ńlá kan lè kó ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wá lọ́jọ́ kan kí wọ́n wá na ọwọ́ sókè. Nítorí náà, nígbà ìpàdé, alága lè ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá kan kùn nínú ọ̀nà ọ̀fun, hùùù, á sì ní kí àwọn tó takò ó náà kùn. Á gbọ́ bí ohùn ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tó kùn, kò sì ní rí iye kankan kọ sílẹ̀. Kíkùn yẹn kì í parí ọ̀rọ̀. Ó kàn ń sọ ibi tí àríyànjiyàn ṣì wà, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n á bi pé kí ló dé.

Ní ọdún 2014, Pete Resnick ṣàlàyé ọ̀nà yìí nínú àkọsílẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde. Ó ní bí èèyàn márùn-ún bá fara mọ́ àbá kan, tí ọgọ́rùn-ún sì takò ó, ó ṣì lè jẹ́ pé ìmọ̀ ti ṣọ̀kan lé e, bó bá jẹ́ pé wọ́n ti dáhùn gbogbo ìdí táwọn ọgọ́rùn-ún mú wá, tí wọn ò sì ní ìdí tuntun. Bákan náà, bí ẹnì kan ṣoṣo bá mú ìṣòro gidi jáde tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, bí gbogbo ilé tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó le létí nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń lò, lórí ìpìlẹ̀ irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ ló dúró sí.

Ẹgbẹ́ tiwa ńkọ́?

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni WhatsApp ti fún gbogbo ẹgbẹ́ ní ohun èlò ìdìbò. Ẹgbẹ́ ẹbí ń lò ó, ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ ń lò ó, ìjọ ń lò ó, àwọn onílé àdúgbò ń lò ó, àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń lò ó láti bá ará ilé pinnu. Ẹni tó bá tẹ ìbò náà á rí orúkọ gbogbo àwọn tó ti dì í àti ohun tí wọ́n yàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ tó fẹ́ ṣe nǹkan fún ilé-ìwé wọn: ṣé ká gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ni àbí ká tún òrùlé kíláàsì ṣe? Akọ̀wé gbé ìbò sílẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, alága ti tẹ kànga. Igbákejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù, àbúrò lọ́pọ̀ wọn, wo orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì tẹ kànga. Olùkọ́ kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tó ń gbé nítòsí ilé-ìwé náà. Ó mọ̀ pé wọ́n ti gbẹ́ kànga níbẹ̀ rí tí kò rí omi. Kò sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó bèèrè, ta ló sì fẹ́ dà bí ẹni tó ń ta ko ẹ̀gbọ́n lójú ọ̀pọ̀ èèyàn? Ìbò ti sọ pé kànga. Owó á lọ sínú ihò. Kò sí ẹni burúkú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ètò ló burú.

Alága, akọ̀wé, àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alámòójútó ẹgbẹ́ lórí fóònù, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà. Kí ẹ tó gbé ìbò kankan sílẹ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì ní kí oníkálukú sọ ìdí. Kí ẹ̀yin aṣáájú sọ tiyín kẹ́yìn, torí pé bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí. Kí ẹnì kan kó ìdí ọ̀tún àti ti òsì jọ lọ́nà tí àwọn méjèèjì á fi lè sọ pé "Ohun tá a wí nìyẹn." Bó bá jẹ́ ènìyàn ni ẹ fẹ́ yàn, tàbí ẹ fẹ́ yọ, tàbí ẹ fẹ́ dá lẹ́jọ́, ẹ má ṣe lo ìbò WhatsApp, ẹ lo Google Forms tí kò bèèrè orúkọ, tàbí kí ẹ yan èèyàn méjì, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba ìbò náà, kí wọ́n sì ka iye rẹ̀ síta níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yí ọkàn padà nígbà ìjíròrò, ẹ yìn ín ní gbangba, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú.

Ìbò lè sọ iye wa. Kò lè sọ bóyá ohun tá a fẹ́ ṣe tọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ìdí, kí ó tó bèèrè iye.